Àrá Aago Mẹ́rin ní Kisumu

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta láfún àti kajú ní ọjà Kabba. Láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ kàwé sí Kisumu, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, kò sí ọjọ́ tí kì í pè é. Aago méjì ọ̀sán ló máa ń pè, nítorí ìgbà yẹn ni ọjà máa ń dá díẹ̀, tí oòrùn á ti lé àwọn oníbàárà wọ abẹ́ igi. Ìgbàkígbà tó bá sì pè, ohun kan náà ló máa ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn ọmọ rẹ̀: òjò lórí páànù, àrá lókè, afẹ́fẹ́ tó ń gbá fèrèsé. Nígbà mìíràn ìpè á já sí wọn lẹ́nu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbé fóònù tọ̀ mí wá.

"Tíṣà," bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, "ṣé inú ilé Ṣàngó lo ní kí ọmọ mi máa gbé ni?"

Ó ṣí áàpù ojú ọjọ́ hàn mí. Ọjọ́ Ajé, ìkùukùu pẹ̀lú mànàmáná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkùukùu pẹ̀lú mànàmáná. Títí dé ọjọ́ Àìkú, àwòrán kan náà ni, méje ní ìlà kan. "Wò ó," ó ní, "kò ní í dá láéláé."

Mo wo aago ara ògiri. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Kisumu, aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣáájú wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àkókò tí àrá ń jáde ní ìlú yẹn gan-an lẹ máa ń pè é. Ẹni tó bá jẹ́ pé ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ló máa ń kọjá níwájú mọ́sáláṣí, ṣé kò ní rò pé wọn kì í kúrò lórí ìrun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló dé tó fi jẹ́ aago mẹ́rin? Ta ló fún àrá ní aago?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń rú lójú. Ojú òkè ni gbogbo èèyàn máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ mọ ìdí òjò. Ní Kisumu, ẹ wo ilẹ̀. Ẹ wo omi.

Tí a bá ní adágún lédè wa, ohun tó máa ń wá sí èèyàn lọ́kàn ni omi kékeré kan tó dúró sójú kan, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn kúrò lọ́kàn. Adágún Victoria, tí Kisumu jókòó tì, fẹ̀ tó nǹkan bíi 68,800 kìlómítà níbùú lóròó. Gbogbo ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Idah, kò tó 30,000. Ẹ kó Kogí méjì sínú omi náà, àyè á ṣì ṣẹ́ kù fún ẹja. Kò sí adágún tó tóbi tó o ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Síbẹ̀ kò jìn bó ṣe fẹ̀: ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 80 mítà lọ. Tàǹsáníà àti Ùgáńdà ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ti Kẹ́ńyà kò ju bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Omi náà na apá kan wọ inú ilẹ̀ Kẹ́ńyà bí ẹni na ìka, Winam ni wọ́n ń pe apá yẹn, orí ìka náà gan-an sì ni Kisumu wà.

Àwọn Luo, tí wọ́n ni ilẹ̀ Kisumu, ń pe adágún náà ní Nam Lolwe. Àwọn Ganda ní Ùgáńdà ń pè é ní Nalubaale, orúkọ tó so mọ́ lubaale, ìyẹn àwọn òrìṣà wọn. Ọdún 1858 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Hanning Speke débẹ̀, tó sì fi orúkọ ọbabìnrin rẹ̀ pe omi tó ti ní ju orúkọ kan lọ. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń sọ odò lórúkọ nílẹ̀ wa kò ní bi wọ́n pé kí ló dé tí òrìṣà fi wọ inú orúkọ omi.

Ẹ wá bá mi gun àpáta báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjùmú, orí àpáta ni ìyá wa ti máa ń sá láfún. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti fún, tí wọ́n wá fọ́ kalẹ̀ lórí òkúta dúdú yẹn, funfun báláú. Iṣẹ́ tiwa ọmọdé ni ká máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. Ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kejì, kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí àpáta yẹn. Mo ti rí ọmọ tó ń jó lórí rẹ̀ láìsí ìlù. Ṣùgbọ́n tó o bá sá lọ sí odò tó wà nísàlẹ̀, tó o ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, omi náà tutù nini. Oòrùn kan náà ló ran àwọn méjèèjì láti àárọ̀.

Ẹ tún wá padà síbẹ̀ ní ìdájí, nígbà ọyẹ́. Àpáta tó ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀ lánàá ti di yìnyín. Odò ńkọ́? Ó ń yọ èéfín. Tó o bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀ nílé a máa fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ a máa tètè gbóná, a sì máa tètè tutù. Omi a máa lọ́ra láti gbóná, a sì máa lọ́ra láti tutù. Gbogbo ọmọ tó bá ti lé ewúrẹ́ lórí àpáta ló mọ èyí, àfi pé kò mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló kù ká fi kún un. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fúyẹ́, a sì máa gòkè bí èéfín ààrò. Èyí tó tutù á wá yọ́ wọlé sí ipò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi dáná mọ̀ ọ́n: bí iná ṣe ń ru sókè ni atẹ́gùn ń wọlé láàárín àdògán.

Nísinsìnyí ẹ fi ilẹ̀ Kisumu rọ́pò àpáta, kí ẹ fi adágún tó fẹ̀ ju Kogí méjì lọ rọ́pò odò. Oòrùn yọ. Títí di bí aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ojú ọ̀run mọ́, ìlú dákẹ́. Ilẹ̀ ń gbóná. Omi kò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ ti ń gòkè, tí afẹ́fẹ́ tútù orí omi sì ń fẹ́ wọ ìlú láti ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá wà létí omi lásìkò yẹn á gbádùn rẹ̀. Á mú aṣọ èèyàn lẹ̀ mọ́ ara, á sì gbé òórùn ẹja wá. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ yẹn kò wá lọ́wọ́ òfo. Omi ló rù wá, ọ̀rinrin tí oòrùn ti fà lójú adágún.

Tó bá kọjá ìlú tán, òkè ló máa kọlù. Lẹ́yìn Kisumu, òkè Nandi dúró gbọnrangandan ní apá kan; ní apá kejì ni ilẹ̀ gíga Kericho wà, níbi tí wọ́n ti ń gbin tíì tó lọ súà bí ẹní aláwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin náà kò lè ṣí òkè nípò, kò sì lè padà sẹ́yìn, nítorí èyí tó tẹ̀lé e ṣì ń tì í. Ó di dandan kó gòkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, bó ṣe ń tutù ni omi inú rẹ̀ ń dì di ìkùukùu. Ìkùukùu yẹn á ga, á ga, títí orí rẹ̀ á fi dé ibi tí omi ti ń di yìnyín. Kericho wà lára ibi tí yìnyín ti máa ń já lulẹ̀ jù láyé, tí á sì máa gún ewé tíì bíi pé ẹnì kan ń ju òkúta sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkùukùu tó ti yó náà á wá yíjú padà. Lókè lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ńlá tó wọ́pọ̀ ní agbègbè náà láti ìlà oòrùn ló ń fẹ́ wá, kì í ṣe láti inú adágún. Òun ló máa ń ti ìjì náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè padà sí Kisumu àti sí omi. Oòrùn ti fi gbogbo àárọ̀ gbóná ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fi ọ̀sán gun òkè, ìjì wá ń padà bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, aago mẹ́rin, aago márùn-ún, nígbà mìíràn kó di alẹ́. Aago méjì, aago mẹ́ta ọ̀sán Kabba. Kò sẹ́ni tó fún àrá ní aago. Ìrìn rẹ̀ ló gba àkókò yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé lálẹ́ wọ́n wá ń sùn?"

Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ ń sùn. Àwọn tó wà lórí omi ni àánú wọn ń ṣe mí.

Ẹ rántí ìdájí orí àpáta. Tí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo ilẹ̀ tó yí adágún náà ká á tutù, omi á sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ sílẹ̀. Ohun gbogbo á yí padà. Afẹ́fẹ́ á kúrò lórí ilẹ̀, á máa fẹ́ lọ sórí omi, láti Kẹ́ńyà, láti Ùgáńdà, láti Tàǹsáníà, gbogbo wọn á lọ pàdé láàárín. Nígbà tí wọ́n bá pàdé, wọn kò ní ibòmíràn láti gbà ju òkè lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìjì òru ṣe ń ṣú lójú omi, tí àrá á máa sán níbẹ̀ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ẹni tó sùn sí Kisumu kò ní mọ̀ ju pé ó ń rí mànàmáná lọ́ọ̀ọ́kán.

Ohun tó mú un burú ni ẹja kan tí wọ́n ń pè ní omena. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, kò gùn ju ìka lọ, ó ń dán bí owó idẹ tuntun. Òun ni ẹran mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Òru ni wọ́n ń pa á, nítorí ó máa ń wá síbi ìmọ́lẹ̀: àwọn apẹja á tan fìtílà sójú omi, wọ́n á dúró, ẹja á pé jọ, wọ́n á da àwọ̀n bò ó. Òru tí òṣùpá kò sí ló dára jù fún un. Nítorí náà, wákàtí tí iṣẹ́ wọn dára jù ni wákàtí tí adágún náà ń ṣú òjò tirẹ̀. Ọkọ̀ wọn kì í ga, ibi tí wọ́n ti ń pẹja sì jìn sí ilé. Ọ̀pọ̀ ni omi náà ń gbé lọ lọ́dọọdún. Láìpẹ́ yìí, àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè tó yí adágún náà ká ti ń kìlọ̀ fún àwọn apẹja kí wọ́n tó wọ omi, ohun tó sì jẹ́ kí ìkìlọ̀ náà ṣeé ṣe ni pé ìjì yìí kì í ṣe ìjì àìròtẹ́lẹ̀. Ó ní àkókò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tún máa ń dojú rú ni ti ooru. Kisumu kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì ju nǹkan bíi kìlómítà mọ́kànlá lọ. Kabba fi ju 800 kìlómítà lọ jìnnà sí i. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé oòrùn pọ̀ lójú ìlà yẹn á rò pé ọmọ náà ti ń yan bí àgbàdo. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi fáànù kékeré kan sínú ẹrù rẹ̀. Ọmọ náà ní aṣọ òtútù ni òun nílò.

Ìdí rẹ̀ ni gíga. Kisumu fi ohun tó lé ní 1,100 mítà ga ju òkun lọ, ìyẹn ìsàlẹ̀ àfonífojì o, kì í ṣe orí òkè. Tí èèyàn bá sì gòkè ní ẹgbẹ̀rún mítà, ooru á fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní Lọ́kọ́ja, tó gba Ọ̀bájànà wá sí Kabba, ti mọ̀ pé ooru Lọ́kọ́ja kì í tẹ̀ lé èèyàn dé orí òkè. Ní Kisumu ọ̀sán a máa tó dígírì 29 tàbí 30, òru a sì máa lọ sílẹ̀ sí 17 tàbí 18. Tí ẹ bá wo oṣù tó gbóná jù níbẹ̀ àti èyí tó tutù jù, ìyàtọ̀ wọn kò ju dígírì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru ọjọ́ kan ṣoṣo ju ìyàtọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti àárín ọdún lọ. Kò sí ọyẹ́ tó ń la ètè. Kò sí oṣù kẹta tiwa yìí tí èèyàn á gbé ẹní síta, tí kò sì ní rí oorun sùn.

Ti àkókò òjò ńkọ́? Níbí, ẹ jẹ́ ká mú sùúrù, torí ìwé ilé ẹ̀kọ́ kò ràn wá lọ́wọ́. A ti kọ́ wa pé ọdún ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó tán. Ìyẹn tọ́ fún Kabba: òjò á bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á padà, á lọ nínú oṣù kẹwàá, ọyẹ́ á dé. Ìgbànú òjò kan wà tó yí ayé ká, tó ń tẹ̀ lé oòrùn bí ọmọ ẹran ti ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn díẹ̀. Àwa wà lápá òkè, nítorí náà yóò gòkè tọ̀ wá wá, yóò sì padà. Àlọ rẹ̀ àti àbọ̀ rẹ̀ sún mọ́ra, ìsinmi kékeré ló wà láàárín. Kisumu wà ní ìdajì ọ̀nà. Oòrùn a máa kọjá lórí wọn gan-an nínú oṣù kẹta, a tún kọjá nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbànú náà ń kọjá, oṣù mẹ́fà sì ni ó wà láàárín. Wọ́n wá ní òjò gígùn láti oṣù kẹta dé ìkarùn-ún, àti òjò kúkúrú láti oṣù kẹwàá dé ìkejìlá. Gígùn àti kúkúrú tí wọ́n ń wí, àkókò ni, kì í ṣe bí òjò náà ti le tó.

Tó bá jẹ́ ìlú mìíràn ni, ẹ̀ẹ̀rùn á wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n adágún náà kì í lọ sí ìsinmi. Ọ̀sán gbogbo ló ń ṣiṣẹ́ tí mo sọ lókè yẹn, nítorí náà kò sí oṣù kan tí òjò kọ ìlú náà sílẹ̀ pátápátá. Àròpọ̀ ohun tó ń rọ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,300 mílímítà. Omi náà àti òjò náà ń jẹun nínú àwo kan náà: èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń wọ adágún Victoria kò ti inú odò wá, òjò tó ń rọ̀ sórí rẹ̀ ni, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Oòrùn sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà sókè. Ìyókù ló ń gba Jinja jáde, tó ń di odò Náílì.

Òjò kúkúrú yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Òkun Íńdíà ló ń ti ẹ̀yìn darí rẹ̀. Lọ́dún tí apá Áfíríkà nínú òkun náà bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òjò á ya bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 1961: adágún náà kún, ó ń kún, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fi máa di 1964 ó ti fi ju mítà méjì lọ ga sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ìparí 2019. Ní 2020 omi ti wọ ilé àwọn tó ń gbé etí omi, ó wọ ilé oúnjẹ, ó wọ oko. Ibi tó máa ń jìyà jù ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan ní ìlà oòrùn ìlú, níbi tí odò Nyando ti ń ṣàn wá. Kano ni wọ́n ń pe pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní omíyalé ṣẹlẹ̀ ní Kano, ìyá rẹ̀ pe ìbátan wa kan tó ń ṣòwò ní Kánò tiwa, ó ní ṣé àlàáfíà ni. Ìyẹn ò mọ ohun tó ń sọ.

Àwa tí a mọ ohun tí odò Ọya àti Bẹ́nùé ṣe sí Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022 lè rò pé omíyalé kan náà ni. Wọ́n jọra, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ti Lọ́kọ́ja, omi ń kọjá lọ ni: ó dé, ó bà nǹkan jẹ́, ó lọ sí òkun. Adágún kò ní ibi tó ń lọ kíákíá. Tó bá gòkè, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá kó kúrò nílé rẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì ló ń kó o.

Báwo wá ni irú ibẹ̀ ṣe di ìlú ńlá? Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Lédè Luo, kisuma ni kí èèyàn lọ wá oúnjẹ nípa pàṣípààrọ̀: ẹni tó ní ẹja á gbé e wá láti etí omi, ẹni tó ní ọkà á gbé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ìlú ọjà ni kó tó di ohunkóhun, bíi ti wa.

Ní 1896 àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Mombasa, létí Òkun Íńdíà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti Íńdíà. Kìnnìún pa nínú wọn ní Tsavo. Wọ́n gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, wọ́n tún gun òkè, títí irin náà fi kan omi ní oṣù kejìlá ọdún 1901, lẹ́yìn ohun tó lé ní 900 kìlómítà. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Port Florence, torí Florence, ìyàwó Ronald Preston tó jẹ́ ẹnjiníà wọn, ló kan ìṣó ìgbẹ̀yìn. Orúkọ náà kò mú ilẹ̀. Ojú irin Ùgáńdà ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a sì máa bi mí pé báwo ni ojú irin Ùgáńdà ṣe parí sí Kẹ́ńyà. Ùgáńdà ni Kisumu wà nígbà náà ni. Ọdún 1902 ni wọ́n yí ààlà padà, tí wọ́n fà á wọ ibi tó di Kẹ́ńyà lónìí.

Láti Kisumu, ọkọ̀ ojú omi ló kù tó ń gbé ẹrù lọ sí Ùgáńdà. Ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n sọ sínú omi ní 1900, ń jẹ́ William Mackinnon. Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ níbi orúkọ yìí. Mackinnon ló dá ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó rán sójà kan lọ sí Ùgáńdà ní 1890, sójà náà sì ni Frederick Lugard, ẹni yẹn kan náà tó ṣe olórí níbi tí wọ́n ti ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Àwọn èèyàn kan náà ló ń wá èbúté káàkiri Áfíríkà, wọ́n rí ọ̀kan létí adágún, wọ́n rí ọ̀kan ní ìpàdé odò méjì.

Ní 1931 ojú irin dé Kampala tààrà, kò gba Kisumu mọ́. Ní 1977 àjọṣe Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà tú ká. Èbúté náà rọ. Ní 2021 ni wọ́n tún èbúté àti ojú irin àtijọ́ ṣe, tí ọkọ̀ reluwé èrò sì padà débẹ̀ láti Nairobi.

Ojú ọjọ́ náà kò jìnnà sí ìtàn yìí. Láti nǹkan bí 1990 ni ewéko kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ti gba ojú adágún náà, ó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò tó lẹ́wà, ó sì burú ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ẹ má pè é ní ojú oró; ojú oró mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán tó ń ti orí omi wọ ìlú ló ń kó o wá sínú Winam, tó ń tò ó pọ̀ mọ́ ẹnu èbúté. Ó lè jẹ́ pé lánàá omi mọ́ lóló, kí ilẹ̀ mọ́ lónìí kí ó dà bí pápá tí màlúù lè jẹ̀ lórí rẹ̀, ọkọ̀ apẹja á há sáàárín. Wọ́n da kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sínú omi, ó dín kù. Ó tún ń padà.

Mo padà sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Àwòrán kan ṣoṣo ni áàpù náà ní fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ohun tó burú jù lọ́jọ́ náà ló sì máa ń yà. Àrá wákàtí kan á bo oòrùn wákàtí mẹ́sàn-án mọ́lẹ̀. Mo tẹ ọjọ́ Ajé, wákàtí wákàtí jáde: oòrùn, oòrùn, oòrùn, ìkùukùu díẹ̀, àrá ní mẹ́rin àti márùn-ún, lẹ́yìn náà òṣùpá. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe pé òjò á fi ìdá 60 ọjọ́ náà rọ̀. Ó ń sọ pé tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́fà nínú wọn á rí òjò. Àwọn ará Kisumu kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ń fọṣọ tí wọ́n ń sá a, wọ́n á ká a kí aago mẹ́ta tó lù.

Mo ní kí ó pe ọmọ náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wa, tó jẹ́ mẹ́wàá tiwọn. Ó pè é lọ́jọ́ kejì níwájú mi. Kò sí àrá. Ẹyẹ kan ló ń dún lẹ́yìn, ọmọ náà sì ní òun ń lọ ra omena lọ́jà. Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà kíá, ó di ojú ọlọ́jà.

"Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi fìtílà pa yẹn? Ṣé wọ́n ń sá a gbẹ?"

Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, orí àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń sá a sí, láàárọ̀, kí òjò tó dé. Agolo kan tí wọ́n ń pè ní gorogoro ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bíi mùdù tiwa.

"Èló ni gorogoro kan?" ó ní. Kò tíì pa fóònù náà tí mo fi dìde lọ wá oúnjẹ àárọ̀ mi.